Ọlọ Tí Kàbírátù Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún ilé ìdáná yín ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èyí dé ìdajì kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

1. Kàbírátù ń ta aṣọ ní àdúgbò Ndogbong, Yassa ló ń gbé, ní ìlú òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó fẹ́ kí ilé ìdáná rẹ̀ dà bíi ti ayé àtijọ́, irú èyí tó rí lórí fóònù: pákó tó ti pẹ́, àwo àtijọ́ lára ògiri, àtùpà. Kò kúkú ní láti wá nǹkan àtijọ́ lọ jìnnà. Ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní gbogbo rẹ̀.

Ojú ìyá yìí ti fọ́ láti ọdún mẹ́rin. Síbẹ̀, ní gbogbo Jímọ̀, òun ló ń se ọbẹ̀ ilé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí iyọ̀ wà, ó mọ ibi tí ọ̀bẹ wà. Orí ọlọ tó gbé wá láti Ìsẹ́yìn ló ti ń lọ ata.

2. Kàbírátù mú ìyá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Japoma fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí iṣẹ́ lè yá. Loïc káfíńtà gbé ọlọ náà wò.

"Madame, et la maman?" Ó ń béèrè ohun tí ìyá yóò máa fi lọ ata.

Kàbírátù rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ti ṣiṣẹ́ tó láyé. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa jẹun. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, jàre."

Loïc fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tún gbogbo nǹkan ilé ìdáná tò síbòmíràn. Ó rẹwà, kí n má parọ́.

3. Ìyá dé. Ó ń fọwọ́ wá ara ògiri kiri.

"Kàbírá, ọlọ mi dà?"

"Òun lẹ fọwọ́ kàn yẹn, Ìyá mi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa rí i!"

Ìyá fọwọ́ pa ọlọ náà lára. "Ẹrù ẹni tó ti kú ni wọ́n máa ń gbé kọ́ báyìí. Ṣé mo ti kú ni, ọmọ mi?"

"Háà, Ìyá! Mo fi ń yẹ́ yín sí ni o."

"Mo mọ̀. O ṣé."

Ní Jímọ̀ yẹn, ó na ọwọ́ síbi tí iyọ̀ máa ń wà. Gíláàsì ló bá níbẹ̀. Ó ṣubú, ó fọ́. Ìyá kò wọ ilé ìdáná mọ́. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sí pálọ̀, òun tó ń fi ọbẹ̀ Jímọ̀ mọ ọjọ́, tó wá ń bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo lòní?"

4. Ìbéèrè yẹn ló pa Kàbírátù lẹ́kún. Ó ní kí Loïc yọ ọlọ náà. Òòlù kan báyìí, ó là sí méjì.

Kàbírátù kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Màá ra òmíràn. Màá to gbogbo nǹkan padà. Ẹ ṣáà sọ fún mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Ìyá fọwọ́ pa á lórí. "Kàbírá mi, èmi ò mọ̀ ọ́n sọ. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Ó sì ti gbàgbé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra o! Kẹ́ ẹ tó fi nǹkan àgbàlagbà ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ bi í bóyá ó ṣì ń lò ó. Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá yín kẹ́ ẹ wá pè é ní ìsinmi.