Awakọ̀ Orí Odò Dídì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà fẹ́ yẹ àwọn awakọ̀ wò, Gavril fi ọ̀rá ẹṣin lé búrẹ́dì, ó sì ń jẹ ẹ́.

“Ṣebí wọ́n ní kí ẹ má jẹun kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀?” ni Kunnei, ìyàwó rẹ̀, bi í.

“Ebi kì í wa ọkọ̀.”

Ara Kunnei ò balẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ti kìlọ̀: ikùn Gavril tóbi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, bí ṣúgà bá tún kún un, wọn á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan ò sí lábúlé nígbà òtútù ju kíkó epo gba orí odò Lena tó ti dì lọ.

Tolbon, ọ̀rẹ́ Gavril, wọlé, ó gbẹ bí ẹja orí iná. Awakọ̀ ni òun náà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀wò tirẹ̀ di ìgbà ooru. Kunnei bu oúnjẹ fún un, ó kọ̀ ọ́. Omi ló bèèrè. Ó mu ún tán, ó tún bèèrè òmíràn.

“Ẹ bá mi bá ọ̀rẹ́ yín wí, kó fi ọ̀rá sílẹ̀.”

“Ìyàwó wa, ikùn ẹ̀ ni kóòtù ẹ̀. Òtútù gan-an ń sá fún un!”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ. Nítorí ikọ́, gbogbo ènìyàn bo imú. Kunnei dúró ti àwọn kóòtù òtútù wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ tí wọ́n pe Gavril, ó sì gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì tuntun: “Bàbá, iṣan yín mà yọ dáadáa o!” Inú rẹ̀ dùn, torí lọ́dún tó kọjá, wọ́n gún ọkọ rẹ̀ títí kí wọ́n tó rí iṣan.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pe tọkọtaya náà.

“Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yìí pọ̀ jù. Ojú lè ṣú yín lójijì nídìí ọkọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ọ̀rá, òtútù àti àjókòópẹ́ ti kó ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa síbẹ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá yín láàárọ̀ yìí, ẹ ò ní wakọ̀ mọ́.”

 Nígbà tí wọ́n délé, Gavril dúró lójú fèrèsé, ó ń tẹ fóònù, ó ń tún un tẹ̀.

“Ẹ yé bẹ ọ̀gá yín,” ni Kunnei wí. “Mo sọ ọ́, ẹ ò gbọ́! Ta ni wọ́n gbé ọkọ̀ fún?”

“Tolbon. Ó ti wọ orí odò. Fóònù ò wọlé níbẹ̀.”

“Ọpẹ́ ni. Ẹni tí ara ẹ̀ le ló gbà á.”

Gavril yíjú sí i. “Kunnei, apá Tolbon ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ yẹn.”