Ikú Sájẹ́ǹtì Mákindé

Láti ọdún tí Àánúolúwapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní Òkòkómáìkò ló ti ń kọ ìwé ìtàn àròsọ kan. Bàbá rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Mákindé, ni ìwé náà dá lé lórí. Ọmọ ọwọ́ ni Àánú nígbà tí ọkùnrin náà bá àwọn ọmọ ogun lọ sí Làìbéríà láti bárékè Ọ̀jọ́. Kò padà wálé.

Ìyá rẹ̀, Àjíkẹ́, ló ń sọ ìtàn náà fún un. Aránṣọ ni Àjíkẹ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá méjì tí wọ́n ń gbé ní Ìbà ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sọ̀rọ̀ bó bá ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Ó ní ọkọ òun gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fara gbọta pọ̀n sẹ́yìn, ó ń bá a la odò kọjá, ni ìbọn bá ba òun náà. Ó ní orúkọ Àánú ló pè kó tó dákẹ́. Iye ìgbà yòówù kó sọ ọ́, bákan náà ló máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan kì í yẹ̀.

"Ìjọba ò wá fún yín ní nǹkan kan?" Àánú bi í lẹ́ẹ̀kan.

"Èmi ò béèrè," Àjíkẹ́ ní. "Owó ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni kí n wá máa jẹ?"

Àánú kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Síbẹ̀, ìwé náà kò yá. Á kọ, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Súnkànmí, tó fẹ́ fi í ṣaya, dúró dè é títí ó fi sú u. Ó ní òun ò lè máa bá òkú du ìyàwó. Ó gbé ẹlòmíràn níyàwó, wọ́n sì kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ Navy Town. Àánú mọ ohun tó ń ṣe ìwé náà. Bàbá inú rẹ̀ dára jù. Kò lábùkù kankan, kò sì lè mí.

Nígbà ọlidé kan tí òjò ò jẹ́ kó jáde, ó jókòó, ó sì kọ orí kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Nínú orí yìí, ẹ̀rù ba sójà náà. Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó wá ọkọ̀ ojú omi wọ̀ padà, ojú sì tì í láti wálé. Ó fẹ́ obìnrin mìíràn. Ìjókòó kan péré ni Àánú fi kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ lè bá ọ̀rọ̀ náà sáré. Ó gbé e lọ síwájú ìyá rẹ̀, ó kà á fún un.

Àjíkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Mọ́mì. Àròsọ ni. Èmi ni mo rò ó."

Àjíkẹ́ dìde. "Ẹni tó ti kú lo ń bà lórúkọ jẹ́ yẹn," ó ní. Ó wọlé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Àánú kò yọ ọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Alàgbà Adétòkunbọ̀, tó ń tẹ ìwé jáde ní Ìyànà Ìbà. Alàgbà kà á dáadáa.

"Ibi tí bàbá yín ti kú yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni," ó ní. "Ó hàn pé ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti sá yẹn, irọ́ ni. Bàbá wo ló máa wà láyé tí kò ní wá ọmọ rẹ̀ wá? Ẹ yọ ọ́, màá sì tẹ̀ ẹ́."

"Ibẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ràn nínú ìwé náà, sà."

"Ẹ yọ ọ́."

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Nígbà tó yá, ó yọ ọ́. Ó sunkún bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún un ni. Lọ́jọ́ tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti yọ ọ́, Àjíkẹ́ gún iyán fún un.

Ìwé náà jáde, ó sì tà dáadáa. Iléèwé kan nínú bárékè Ọ̀jọ́ ní kó wá kà á fún àwọn ọmọ, gbogbo wọn sì dìde dúró, wọ́n panu mọ́ fún Sájẹ́ǹtì Mákindé. Wọ́n pe Àjíkẹ́ náà. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọbìnrin kan wá sílé wọn. Ó ní Faith lorúkọ òun, Ìjànìkin lòun ti wá, òun sì fẹ́ kí Àánú buwọ́ lu ìwé òun. Àjíkẹ́ dìde bó ti rí i, ó tún jókòó.

"Ìwọ lo ni ín?" Àánú béèrè. Ó ti mú báírò.

"Rárá o, mà. Dádì mi ni. Ara wọn ò yá, wọn ò lè wá fúnra wọn."

"Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Orúkọ wo ni kí n kọ sí i?"

Faith kò wo Àánú, Àjíkẹ́ ló yíjú sí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, mo mọ̀ pé ẹ ti ní ká má wá síbí láéláé, Dádì ló rán mi, wọ́n ní àwọn ti kà á tán, àwọn dúpẹ́ pé ikú akọni lẹ fi pa àwọn, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí Sister Àánú bá àwọn kọ Mákindé síbẹ̀."