Èèwọ̀ Oògùn Epo

Ishaq onítakisí fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹni tí yóò rà á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì.

Mujeebat, ìyàwó rẹ̀, ń fẹ́ iná èédú. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Sàídì, kí lẹ fẹ́ fi owó ọkọ̀ ṣe?"

"Oògùn epo ni n ó fi rà ní páálí-páálí. N ó máa tà á l'Ọ́jà'ba. Láti ìgbà tí o ti ń dà á sínú táńkì fún mi láràárọ̀, ǹjẹ́ epo tètè ń tán?"

"Kì í tètè tán. Kí ló dé tí ẹ kì í fọwọ́ ara yín dà á?"

"Èèwọ̀ ni. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sáré. Táyà kò gbọdọ̀ rọ̀. Ẹ́ńjìnnì kò sì gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ lásán níbi tí awakọ̀ ti ń pe èrò."

"Ẹ sì pa gbogbo rẹ̀ mọ́?"

"Pátápátá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò lè yé obìnrin."

"Òótọ́ ni. Ẹni tó ta oògùn náà fún yín ńkọ́, mọ́tò wo ló ń wà?"

"Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn."

"Ó gbọ́n jù yín lọ."

Ishaq pòṣé. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí oníbàárà.

"Ẹ dá ọwọ́ yẹn padà," ni Mujeebat wí. "Èèwọ̀ tí ẹ pa mọ́ ni kò jẹ́ kí epo tètè tán. N kò da ẹ̀kán oògùn yín sínú táńkì rí. Ó ń rùn bíi kẹrosíìnì, mo sì ń fi dáná èédú. Òun ló se ẹ̀wà tí ẹ jẹ láàárọ̀ yìí."