Ògiri Funfun Lẹ́sẹ̀ Òkè

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Bíríkìlà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, nítorí ògiri tó bá mọ kì í wọ́. Òkè ló yí ìlú wọn ká, òjò ibẹ̀ sì pọ̀. Ẹsẹ̀ òkè ló kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Ó mọ ògiri gíga sẹ́yìn ilé láti dí yẹ̀pẹ̀ òkè lọ́nà, ó sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára kí omi inú ilẹ̀ lè máa ríbi jáde. Ọparun ló kún ara òkè lẹ́yìn ògiri náà. Gbòǹgbò wọn lọ́ mọ́ra bí irun dídì, òun ló di ilẹ̀ mú.

Yàrá ìyá rẹ̀ ló kángun sí ògiri yìí. Màmá ò lè dá rìn mọ́.

2.
Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wá kun ògiri ní ọ̀dà funfun. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, orí rẹ̀ ń wú. Àmọ́ bí òjò bá ti rọ̀, omi pupa á máa ṣàn láti inú ihò, á fa ìlà sára ọ̀dà. Ewé ọparun náà ò yéé já bọ́ sí i.

Ó ní, "Ta ló máa gbéṣẹ́ fún bíríkìlà tí ògiri ẹ̀ ń sunkún?" Ló bá po sìmẹ́ǹtì, ó dí gbogbo ihò pa. Ó tún gé ọparun kanlẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń bá ọmọṣẹ́ jà tó bá gbàgbé ihò?"

"Ìwọ ni bíríkìlà ni, àbí èmi?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé Màmá wá sí yàrá iwájú."

"Káráyé lè sọ pé ẹ̀rù ògiri mi ń bà mí? Rárá o!"

3.
Ìgbà òjò dé. Ògiri funfun báláú, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀. Àṣé omi ti kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ sì ti rọ̀. Òjò ò mẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ fi fóònù pè é níbi iṣẹ́. "Ẹ máa bọ̀! Ògiri ti yọ ikùn! Èmi nìkan ò lè gbé Màmá, ẹ jẹ́ n pe àwọn aládùúgbò!"

"Má pe ẹnikẹ́ni o! Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni? Mò ń bọ̀."

Obìnrin náà gbọ́ tirẹ̀, ó dúró. Kí ọkọ tó dé, ògiri ti wó, òkè ti wọnú yàrá Màmá dé àjà. Ọwọ́ lásán ló fi ń wa ẹrẹ̀. "Ìyá mi, ẹ dá mi lóhùn! Ẹ jọ̀ọ́!" Nígbà tí àwọn aládùúgbò bá a wa ẹrẹ̀ kan òkú Màmá, ọ̀dà funfun ṣì mọ́ tónítóní lára bíríkì tó wà láyà wọn.

Títí dòní, ọkùnrin náà ò fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n kì í bá a sọ̀rọ̀, kò sì tíì dárí ji ara rẹ̀ pé òun gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gé ohun tó di òkè mú. Ẹ má dí ọ̀nà omi nítorí ẹwà. Bílé yín bá sì ń wó, ẹ pariwo, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ̀sín á tán lọ́jọ́ kan. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn: gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.