Ẹtu Sáré fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ẹranko. Ehoro, olórí eléré ìje wọn, ń wá ife-ẹ̀yẹ lójú méjèèjì. Ó mú Ẹtu wá láti inú igbó, ó dé e ní fìlà ilé-ìwé.

“Ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ o, kí wọ́n má baà fura.”

Ẹtu rí i pé bí agogo bá ti dún, gbogbo wọn a rọ́ wọ kíláàsì. Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?

Lọ́jọ́ ìje, ó fi Ọ̀yà ilé-ìwé kejì sẹ́yìn pátápátá.

*Ẹtu, má dúró o!*
*Ègbè: Kíjikíji, ẹsẹ̀ ń fò!*

Nígbà tó ku ìyípo kan, wọ́n lu agogo pé eré ti fẹ́ parí. Ẹtu yà bàrá sí kíláàsì, ó jókòó. Ọ̀yà gba ife.

“Ọ̀dẹ̀! Kí lo wá ṣe níbí?” Ehoro fẹ́ sunkún.

“Agogo ti dún, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà dà?”