Ẹ̀jẹ̀ Màmá Mojírádé

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Màmá Mojírádé máa ń lọ fún ilé ìwòsàn ní ẹ̀jẹ̀. Èròjà tó ń gbá ìdọ̀tí inú sẹ́ẹ̀lì dànù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe oògùn jẹjẹrẹ fún gbogbo ìlú.

Lónìí, Màmá béèrè oògùn náà fún ọkọ wọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ.

“Bàbá pé àádọ́rin ọdún lánàá, mà. Òfin ò gbà ká fún wọn ní oògùn mọ́.”

“Oògùn tí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe?”

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ na apá yín.”

Màmá ò na apá.

“Ọdún méjì ni mo fi ju ọkọ mi lọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi náà ti dàgbà jù.”

Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n jáde.