Ohun Tí Ẹ̀rọ Ń Wá Lábẹ́ Tábìlì

“Òfin ọ̀gá ni o: ọmọ ò gbọdọ̀ wọlé,” ni ọlọ́dẹ ẹnu géètì wí.

Obìnrin aránṣọ tó dúró níwájú rẹ̀ tún ọ̀já so. Ọmọ ń sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọ̀gá yín ló ránṣẹ́ pè mí. Ṣé kí n padà?”

Ọlọ́dẹ yàgò.

Nínú ilé iṣẹ́ ìránṣọ náà, ẹ̀rọ alápá irin ló wà nídìí iṣẹ́ aránṣọ náà báyìí. Òun gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ tó ń gba ìṣesí ọwọ́ sílẹ̀, ó fi rán kọ́là ọrùn ẹ̀wù títí ẹ̀rọ fi mọ̀ ọ́n rán. Ni wọ́n bá ní kí obìnrin náà máa lọ sílé.

“Ìyá, ẹ gbà mí,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ wo nǹkan tó ń ṣe!”

Ẹ̀rọ rán kọ́là kan, ó gún régé. Ló bá ki apá bọ abẹ́ tábìlì, ó ń mì í jẹ́jẹ́, sọ́tùn-ún, sósì. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí, kó tó mú kọ́là mìíràn.

“Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lórí gbogbo kọ́là! Kí ló ń wá níbẹ̀ gan-an?”

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ẹ ní ẹni tó bá gbé ọmọ wọbí, ẹ máa lé e. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni bá mi gbé e.”

Ó yí ẹ̀yìn padà kí ọ̀gá lè rí ojú ọmọ.

“Inú páálí lábẹ́ tábìlì yẹn ló ń sùn sí, ní gbogbo ìgbà tí mò ń kọ́ ẹ̀rọ yín níṣẹ́. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ọmọ ló ń rẹ̀ lẹ́kún.”

Ó kọjú sọ́nà géètì.

“Ó yá, ẹ lé ẹ̀rọ yín náà.”